Gbólóhùn Tí Kò Kà Sí Mi Létí

Tíṣà tí ó jẹ́ olórí wa nítòsí ojú ogun ni ó ṣẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ mi, ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ní ọdún kejì ogun abẹ́lé. N kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Igbó-Ọrà ni ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ yọ̀ǹda ara wọn fún oṣù mẹ́ta, láti tọ́jú àwọn sọ́jà tí ó gbọgbẹ́. Mo lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé àwọn tí kò lè rìn. Èmi ń yan gàrí tí wọn yóò jẹ, nítorí ìyá mi ti fi iṣẹ́ obìnrin yìí kọ́ èmi ọmọkùnrin rẹ̀. Sọ́jà ọmọ Yorùbá kan a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Gàrí, ṣé ọkọ yín mọ̀ pé ẹ wà níbí?"

Gàrí yìí ni ó dè mí mọ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta pé, àwọn yòókù padà sílé, tíṣà ní kí èmi ṣì dúró. Oṣù mẹ́fà pé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Odò wà níwájú wa, sọ́jà dí ọ̀nà lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì lè kọjá láìní ìwé tí tíṣà fọwọ́ sí.

N kò mọ̀wé. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, lẹ́tà dé láti ilé, tíṣà sì kà á fún mi: wọ́n kí mi, iṣu ta dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi bímọ. Ó ká a, ó fi í sí àpò rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún tuntun ni ẹlòmíràn tí ó mọ gàrí yan tó dé, tí mo fi rí ìwé gbà. Mo délé, mo bá ibojì ìyá mi, koríko kò tíì hù lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè ìdí tí n kò fi jẹ́ ìpè. Ó ní òun kọ ọ́ gedegbe pé, "Màmá ń fẹ́ fojú kàn ọ́ kí a tó wa iṣu tán."

Nígbà tí ogun parí, mo tọ tíṣà lọ. Kò sẹ́ pé òun fo gbólóhùn náà. Ó ní:

"Ìyá ta ni kì í fẹ́ rí ọmọ rẹ̀? Wọn kò kọ ọ́ pé ara wọn kò yá. Bí o bá sì ti lọ, ta ni ì bá bọ́ àwọn tí ọgbẹ́ dá dùbúlẹ̀?"

Mo ní, "Ọmọ Ìbàràpá ni ẹ̀yin náà, sà. Ìgbà wo ni a máa ń kọ àìsàn ìyá sínú lẹ́tà?"

 Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi.

Lónìí, ẹ̀yin ń rí ojú ìyá yín nínú fóònù. Láyé tiwa, etí ẹni tí kò mọ̀wé wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. N kò sẹ́ pé àwọn tí ó gbọgbẹ́ nílò oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò fi ipá mú mi lọ. Èmi ni mo yọ̀ǹda ara mi, oṣù mẹ́ta péré sì ni. Ẹ bá wa dá a, ẹ má ṣe ojúsàájú: nínú èmi àti tíṣà, ta ni ó jàre?