Bí mo ṣe dìde dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì

Ẹ bá mi yọ̀, mo nawọ́ sókè ní kíláàsì lónìí.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń jó gáàsì mọ́tò láti Grayson lọ sí Duluth ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, tí mi ò sì la ẹnu rí. Lójú tèmi, mo ń bọ̀wọ̀ fún tíṣà ni. Àfi ìgbà tí tíṣà náà sọ fún mi ní Mọ́ńdè pé ẹni tí kì í dáhùn ìbéèrè, òun ò ní kọ orúkọ rẹ̀ fún ìdánwò.

Lónìí ó bi wá pé aláìsàn tí apá rẹ̀ kan rọ, apá wo la máa kọ́kọ́ wọ láṣọ?

Ṣé èmi tí mo tọ́jú ìyá ọkọ mi tí apá rẹ̀ rọ ni wọ́n ń bi? Mo nawọ́. Bó ṣe pè mí báyìí, mo dìde, mo káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ puráìmárì.

Tọ́lá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: "Aunty, ẹ jókòó, please. Wọn kì í stand up níbí."

"Jẹ́ n parí. Tí mo bá jókòó, ìdáhùn á sá lọ."

Mo ní apá tó rọ ni. Tíṣà ní mo gba ìbéèrè náà, ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ lójú mi.

Ó bi Tọ́lá ní ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Ọmọ náà wò mí, ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ padà sílé ìwé lágbà, ṣé ẹ̀ ń jókòó dáhùn ni? Ẹ sọ fún mi.