Ímeèlì Rùkáyátù àti Nọ́ńbà Mi Tó Di Ti Ẹlòmíràn

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni láìnì tí mò ń lò. Ó ní láìnì èyíkéyìí tí ẹni tó ni ín kò bá lò fún ìgbà pípẹ́, àwọn yóò gbà á padà, àwọn yóò sì tà á fún ẹlòmíràn. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi lásìkò náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà sì wọlé sórí fóònù àwọn méjì nínú wọn. Ọ̀kan pa á rẹ́ láì kà á. Èkejì kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí wọ́n máa gbé e lọ jàre, ṣebí láìnì mẹ́ta ni mo ní."

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ìkìlọ̀ yẹn lè dá sílẹ̀, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, díẹ̀ ló sì kù kí àyè tí ọmọ ọlọ́mọ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ìkòtún. Mo ń tẹ ìwé, mo ń bá àwọn èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí wọn kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Tómi lọmọ mi ń jẹ́, ṣùgbọ́n Màmá Kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń pè mí. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kàwé dé. Lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi obìnrin tí a ń pè ní Àǹtí Bísí.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, Àǹtí Bísí fi bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà hàn mí, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó sì jáde lọ ra bébà. Nílé wa, ohun olówó gọbọi kì í wà láìbò. Mo mú aṣọ léèsì tó wà lórí fíríìjì rẹ̀, mo fi bo kọ̀ǹpútà náà látòkè délẹ̀, bí a ṣe máa ń bo tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Títàn ló sì wà. Nígbà tí ọ̀gá mi fi dé, ẹ̀rọ náà ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ó sì ti kú fúnra rẹ̀.

"Ta ló wọṣọ fún un?"

"Èmi ni, mà. Mi ò fẹ́ kí eruku wọ̀ ọ́."

"O ṣeun. O ò tún wé gèlè fún un?"

Ọjọ́ méjì gbáko ni kò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Àmọ́ àṣìṣe yẹn ló jẹ́ kí n máa ní sùúrù fún àwọn tí èmi náà ń kọ́ lónìí. Ẹ̀rù ló máa ń dà wọ́n láàmú jù, pé àwọn yóò tẹ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Ìyá kan bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé máòsì sókè, ó nà án sí ojú kọ̀ǹpútà bí rìmóòtù. Mo ní, "Bàbá, orí tábìlì ló ń gbé o. Ẹ rọra máa tì í, àmì kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé yín." Ó tì í títí tí tábìlì fi tán, ó sì bi mí bóyá kí òun máa bá a lọ sára ògiri.

Ímeèlì ló máa ń pẹ́ kó tó yé wọn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ ni pé àpótí lẹ́tà ni, tìrẹ nìkan, páásíwọọ̀dù sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣí i, iléeṣẹ́ tó ni ímeèlì yóò béèrè nọ́ńbà fóònù. Bí wọ́n bá wá rí i lọ́jọ́ kan pé ẹni tó fẹ́ wọlé wá láti orí ẹ̀rọ tí wọn kò mọ̀, wọn yóò fi kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá onílé ni tàbí olè.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Bí oníbàárà bá wá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tó gbàgbé fóònù sílé, tàbí tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tàbí tó jẹ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò tí ì ra fóònù fún, nọ́ńbà tèmi ni mo máa ń fi sí i. N óò kọ páásíwọọ̀dù náà sínú ìwé kan báyìí tó lẹ́yìn líle, oníbàárà yóò sì máa lọ. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kà á sí àánú. Nígbà tí wọ́n já fóònù mi gbà ní gáréèjì, mo ra fóònù àti láìnì tuntun, n kò sì padà lọ gba ti àtijọ́. Èmi tí mo máa ń yẹ báàgì Tómi wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lọ sílé-ìwé, n kò ronú kan àwọn tí nọ́ńbà mi wà lára ímeèlì wọn.

Ọjọ́ Ẹtì kan, ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀, Bàbá Rùkáyátù àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé wá. Káfíńtà ni bàbá yìí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló kan gbogbo tábìlì ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni mo ṣí ímeèlì fún Rùkáyátù nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ni, pé orúkọ àwọn méjèèjì ti jáde, pé wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì oníkálukú, àti pé ẹni tí kò bá tẹ ibi tí wọ́n ti ní kó gbà á kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà, wọn yóò gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà jíjìn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbé fóònù wọn.

"Ìyá Tómi," ni bàbá náà wí, "ẹ̀yin lẹ ṣí nǹkan yẹn. Ẹ bá wa ṣí i padà."

Mo ṣí ìwé mi, mo rí páásíwọọ̀dù rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà mi láti ìgbà náà, wọn kò sì mọ ẹ̀rọ tuntun yìí. Wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí méjì tó parí rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin àti méje.

"Nọ́ńbà ta nìyẹn, mà?" ni Rùkáyátù bi mí.

"Tèmi ni."

"Ẹ wò ó lórí fóònù yín nígbà náà, mà."

"Kì í ṣe tèmi mọ́."

Bàbá rẹ̀ wò mí. "Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ ò sì ni ín mọ́. Ìyá Tómi, àárọ̀ la wà yìí o."

Mo pe nọ́ńbà náà. Ó dún. Obìnrin kan gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín. Ẹ bá mi kà á."

"Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Orúkọ Jésù! Ẹ̀yin lẹ ti ń yọ mí lẹ́nu látọjọ́ yìí! Olè! Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni kẹ́ ẹ lọ!" Ó pa fóònù.

Bàbá Rùkáyátù gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. "Àlàájà, ẹ ṣàánú mi, ọmọ mi ni…"

"Ta ni Àlàájà yín? Wọ́n tún ti gbé bàbá wá síbẹ̀!" A gbọ́ ọ láìsí pé ó tan sípíkà.

Mo jókòó. Bí inú ṣe ń bí mi tó, n kò rí ẹ̀bi obìnrin náà. Ohun tó ṣe yẹn gan-an ni mò ń kọ́ Tómi lójoojúmọ́: bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ pé kí o ka kóòdù fún òun, kódà bí ohùn rẹ̀ jọ tèmi, má dáhùn. Ká ní ó kà á fún mi wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù rẹ̀ ìbá bà mí.

Mo wá kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i, mo sì fara balẹ̀ yan ọ̀rọ̀ mi. Mo ní: "Èmi tí wọ́n ń pè ní Màmá Kọ̀ǹpútà ni mo ni nọ́ńbà yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ má ka kóòdù náà fún mi, ẹ má sì kà á fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà, kí èmi, ọmọ tó ni ímeèlì náà àti bàbá rẹ̀ wá bá yín ní ojútáyé. Ẹ pe àwọn èèyàn yín jọ kí a tó dé."

Ìdáhùn rẹ̀ wọlé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni, lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dà sí Ìdímù. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe Kánò ni láìnì mi lọ. Ó fi kún un pé, "A ń dúró dè yín." "A" yẹn ló kó mi láyà sókè.

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀. Nígbà tí a fi débẹ̀, aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Èèyàn márùn-ún ló ń dúró dè wá lóòótọ́: télọ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dèbọ́, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, alága àwọn onílé àdúgbò, pásítọ̀ rẹ̀, àti aládùúgbò méjì tí ọ̀kan nínú wọn di igi ìwọnṣọ mú.

"Ta ni Màmá Kọ̀ǹpútà nínú yín?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí yín?"

Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ra láìnì náà ni àwọn tí òun kò mọ̀ ti ń pe òun ní Màmá Kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń béèrè bóyá iná wà, bóyá òun lè bá wọn tẹ ìwé kí wọ́n tó dé. Kóòdù yóò sì kàn máa wọlé láìjẹ́ pé òun béèrè fún un. Ó rò pé ayé ló ń wá ọ̀nà wọ inú fóònù òun. Pásítọ̀ mi orí, ó ní òótọ́ ni, àwọn ti gbàdúrà sí i.

Alága gba ìwé ìdánwò tí Rùkáyátù mú dání, ó gbé fọ́tò tó wà lára rẹ̀ sún mọ́ ojú ọmọ náà. "Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni inú fọ́tò yìí sanra díẹ̀."

"Ìwé kíkà ló mú mi rù, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni tó di igi mú sì gbé e sílẹ̀. Kóòdù àárọ̀ ti kọjá àkókò rẹ̀, torí náà Rùkáyátù béèrè òmíràn láti orí fóònù tirẹ̀. Fóònù Ìyá Dèbọ́ dún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin, ẹ sún sẹ́yìn."

Mo sún sẹ́yìn. Rùkáyátù nìkan ló pè sọ́dọ̀, ọmọ náà fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ímeèlì ṣí. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀, ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti ń dúró. Rùkáyátù na fóònù náà sí mi.

"Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, mà."

"Ẹ bá a tẹ̀ ẹ́, Ìyá Tómi," ni bàbá rẹ̀ wí, "kó má lọ bà á jẹ́."

Ọwọ́ mi ti ń lọ. Ogójì ọ̀nà ni ìyá máa ń gbà ṣe nǹkan fún ọmọ. Mo dá ọwọ́ mi dúró, mo kó méjèèjì sẹ́yìn. "Fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́. Kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí o tó tẹ̀ ẹ́."

Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ ẹ́ ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìdáhùn fi wọlé pé wọ́n ti rí i gbà, àyè náà ti di tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpò àjákù aṣọ, ó ní, "Alihamudulilahi." Pásítọ̀ dá a lóhùn, "Haleluya."

Kí a tó dìde, Rùkáyátù yọ nọ́ńbà àtijọ́ náà kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i. Mo rò pé ó ti parí. Bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Dèbọ́ ni ó bi mí pé, "Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwọn yòókù wo, mà?"

"Àwọn tí kóòdù wọn ń wọlé sọ́dọ̀ mi. Àbí kí n tún gbààwẹ̀ míì ni?"

Mo lọ ka orúkọ inú ìwé mi. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo fi nọ́ńbà yẹn ṣí ímeèlì fún. Ìyá Dèbọ́ yọ̀ǹda àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún mi. Bí mo bá ti rí ẹnì kan, èmi àti ẹni náà yóò jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Dèbọ́, onítọ̀hún yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é níwájú rẹ̀. Mo ti rí èèyàn mọ́kànlélógójì. Ó ku méjìlélógún. Àwọn kan ti kó kúrò ládùúgbò, nọ́ńbà àwọn mìíràn kò sì lọ mọ́.

Láti ìgbà náà, n kì í fi nọ́ńbà mi ṣí ímeèlì fún ẹnikẹ́ni. Oníbàárà tó bá gbàgbé fóònù sílé, n óò ní kó lọ mú un wá. Wọ́n máa ń bínú, wọ́n á ní mo ti le jù. Mo gbà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bí ẹ bá ti wá sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìkòtún rí tó bá ẹ̀yin tàbí ọmọ yín ṣí ímeèlì, tí ẹ kò sì fi nọ́ńbà ara yín sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. Ẹ mú fóònù yín dání. N kò ní gba kọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ẹ ti ṣe tiyín, ẹ ṣí ímeèlì yín lónìí, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.