Kọnkéré Orí Kànga

Ìyá ìyá mi jókòó lé orí dúrọ́ọ̀mù omi, ó ká apá mọ́ àyà. Ṣọ́bìrì ń dún ṣàràṣàrà lórí ilẹ̀, eruku símẹ́ńtì ń ta wá nímú. Bíríkìlà, ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tó ń gbé nítòsí wa ní àdúgbò Ogida, dúró tòun ti garawa òfìfo.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n bu omi díẹ̀ sí i. Ó ti le jù, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Jẹ́ kó máa dùn ọ́. Èyí tó rọ̀ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́sí."

Bàbá ìyá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́. Kò gbójú sókè.

Òun ló ṣe tọjọ́sí. Kọnkéré tó ṣẹ́kù nígbà tó ń ṣe ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Yanrìn pupa tí òjò gbá wá sínú gọ́tà ló fi pò ó. Nígbà tó ti fẹ́ máa gan, ó da omi sí i kó lè rọ̀, ó sì fi ṣe ọmọrí kànga. Ó ní ṣebí ọmọrí lásán ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi gun orí rẹ̀ láti fa omi, ó sì fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó já sínú kànga. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ó ń béèrè. Wọ́n sọ fún un pé símẹ́ńtì lè ṣe wọ́nwọ́n nínú kọnkéré ilẹ̀, torí ilẹ̀ ló gbé e dúró. Èyí tó máa dá dúró lórí ihò, páànù símẹ́ńtì kan, yanrìn odò méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, kí irin sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n já yanrìn, ó fi ọwọ́ tútù fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Èyí àkọ́kọ́ pọ́n ọn lọ́wọ́, amọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó o padà.

Ó fi àpò tútù bo ọmọrí tuntun náà, ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó gbin ẹ̀fọ́. Nígbà tó gan tán, ó pe bàbá àgbà.

"Ẹ gun orí rẹ̀."

Bàbá ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìyá tún un sọ. Bàbá bọ́ bàtà, ó gùn ún.

"Ẹ fẹsẹ̀ jan án."

Ó jan án. Kò mì rárá. Ìgbà náà ni ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Bàbá dúró sórí kọnkéré náà, kò mọ̀ bóyá kóun sọ̀ kalẹ̀.

Ní báyìí tí mo ti dàgbà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń bi mí bí wọ́n ṣe máa po kọnkéré òpó géètì tàbí ti ọmọrí ṣaláńgá. Mo máa ń sọ fún wọn, mo sì máa ń dúró títí wọ́n á fi da omi sí i. Ìyàwó mi náà ti kú, àìsàn ló pa á; n kò rí ẹni bá wí. Ti ìyá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Símẹ́ńtì díẹ̀ sí i ni ì bá gbà á là, pẹ̀lú yanrìn tó mọ́ àti sùúrù. Kò ṣòro rárá.