Ẹni Tí Ń Dúró Lẹ́nu Ìkòkò

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n nílé Ṣakro ní Kakéti, nílẹ̀ Jọ́jíà, àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ní í wọnú ìkòkò. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni, ó ga ju ènìyàn lọ, inú rẹ̀ sì ni baba-ńlá rẹ̀ ti ń pọn wáìnì funfun kí wọ́n tó bí baba rẹ̀. Kí ìkórè àjàrà tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ fọ̀ ọ́. Onítọ̀hún á máa kọrin, ẹlòmíràn á dúró lókè, á máa gbe orin náà, nítorí afẹ́fẹ́ búburú láti ara ọtí èṣí tó kù nísàlẹ̀ lè pa ènìyàn. Bí orin bá dákẹ́, kí ará òkè yáa fà á jáde.

Nunu ìyàwó Ṣakro ló máa ń dúró fún un, á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohùn rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tó já sí kànga. Nunu ti kú. Zura, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Pólándì, ọdọọdún ló ń ṣèlérí pé òun ń bọ̀. Ta ni kò mọ ìlérí ará òkè òkun? Lọ́dún yìí àjàrà ti pọ́n, Zura ò dé, àwọn arúgbó tí kò lè fa ajá jáde nínú gọ́tà nìkan ló kù ládùúgbò. Àárò ohùn ènìyàn ń sọ Ṣakro gan-an.

Ló bá pe Zura, ó gbé fóònù sétí ìkòkò, ó gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀, ó dá orin. Ohùn ọmọ ń gbè é láti òkè. Inú bàbá dùn débi pé ó gbàgbé láti fọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ díẹ̀.

“Bàbá?” ni Zura pè. “Bàbá, ẹ dáhùn.”

“Mo wà ńbí. Mò ń mí ni.”

“Ta ló dúró tì yín lókè?”

“Ìwọ náà mà ni.”

“Bàbá, ẹ jáde,” ni Zura wí, ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀. “Mi ò lè fà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde.”

Ṣakro jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wáìnì wá kó gbogbo àjàrà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé òkúta dé ẹnu ìkòkò òfìfo náà, ó sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó dáadáa, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí ọtí bá kún inú rẹ̀.