Jemima àti Ọkọ̀ Tí Wọ́n Sọ Ní Ọmọlúàbí

Jemima ni ẹ̀gbọ́n mi. Dòdò ló ń tà ní Ìkirè, létí ọ̀nà tó lọ sí Ifẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló pa á. Mo ń kọ èyí torí àwọn èèyàn ń sọ ọ́ kiri pé ó kù gììrì sójú títì bí ewúrẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún díẹ̀ ló fi jù mí lọ. Kì í gbà kí n máa fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀, ó ní yóò sọ òun di arúgbó. Ọwọ́ ìyá wa ló ti kọ́ dòdò. Àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, èyí tí ẹlòmíì máa dà nù, òun ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n á fi epo pupa dín in títí tó máa dúdú. Jemima máa ń sọ pé dòdò tí kò bá dúdú, Ìkirè kọ́ ló ti wá. Àtẹ́lẹwọ́ òun náà ti dúdú. Tó bá wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, abẹ́ Bíbélì ló máa ń fi ọwọ́ pamọ́ sí. Ó lè sáré. Bọ́ọ̀sì ò ní tíì dúró tán tó fi máa wà lẹ́nu fèrèsé.

Èmi, fọganáísà ni mí ní Apòmù. Táyà ni mo mọ̀.

Tẹ́lẹ̀, kò sí bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ tí kì í dúró. Awakọ̀ á ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wá kó bọ́ọ̀sì funfun dé. Àwọn yìí ní ojú níwájú, kámẹ́rà ni. Awakọ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wo ọ̀nà, ó ń tẹ̀ lé ìlà, ó ń tẹ bíréèkì. Tí awakọ̀ bá sì dúró níbi tí wọn ò ní kó dúró sí, ọkọ̀ á fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn.

"Ọkọ̀ ń fẹjọ́ ọ̀gá ẹ̀ sùn?" Jemima bi mí.

"Bí wọ́n ṣe sọ nìyẹn."

"Olófòófó."

Orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ nìyẹn, Olófòófó. Kì í dúró. Ibẹ̀ sì ni èrò ń wọ́ lọ, torí ó tutù nínú, kì í sáré àsápajúdé. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ ń dín kù. Dòdò bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sórí àtẹ. Tó bá ti sùn, á le. Ìyá wa jẹ ẹ́ títí wọ́n fi ní ó tó. Jemima ló ń bọ́ wọn, òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Tí ọkọ̀ ò bá dúró, oúnjẹ ti tán nílé nìyẹn.

Maimunah ló kọ́kọ́ rí i pé ó lè dúró. Ìyá Mubashir ni a ń pè é, òun àti Jemima jọ ń tà ni. Ó ń sọdá lọ́jọ́ kan, kò rí bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì rí i. Ó dúró gbáà. Awakọ̀ yọrí, ó ní òun kọ́ ló tẹ bíréèkì. Maimunah sá padà sórí koríko. Jemima ò sá ní tiẹ̀. Ó ti dé ẹnu fèrèsé, ó ti ń tajà.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Tí funfun bá ti yọ lókè, ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Kò ní nawọ́. Á kàn dúró ni. Bọ́ọ̀sì náà á dúró níwájú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ló dá ara ẹ̀ dúró, kì í fẹjọ́ awakọ̀ sùn. Jemima ní ó bọ̀wọ̀ fún èèyàn ju ẹni tó wà nínú ẹ̀ lọ. Ló bá pa orúkọ ẹ̀ dà. Ọmọlúàbí.

Awakọ̀ kan wà, Olúsànyà, tó máa ń bá a ṣeré.

"Ìyàwó, o tún ti dá mi dúró."

"Èmi kọ́. Ọkọ̀ yín ló rí mi tó dúró."

"Ó ti ń fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Kó wá rí ìyá mi. Kó má wá lọ́wọ́ òfo."

Mo sọ fún un pé irin ni. Ó ní, "Dùnsìn, irin kọ́ ló pa bàbá wa. Èèyàn tó ń wakọ̀ ni, ó sì ti mutí yó." Òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀ ni. Òjò ti dá. Funfun yọ, Maimunah ní, "Ọmọlúàbí ti dé." Jemima sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró, ó ń tún òṣùká ṣe lórí. Olúsànyà ló wà nínú ọkọ̀. Ó fọn fèrè. Jemima ò mira. Maimunah ní kò tiẹ̀ wo awakọ̀, ojú tó wà níwájú ọkọ̀ ló ń wò.

Nígbà tí mo máa fi gun ọ̀kadà dé láti Apòmù, wọ́n ti fi ìborùn Maimunah bò ó. Dòdò wà káàkiri. Àwọn ọkọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, ìyá wa ò lè débi sàréè. Nígbà tí a padà dé, ìyá wa bi mí bóyá wọ́n wọ sùtánà fún un. Mo ní wọ́n wọ̀ ọ́ fún un.

Olúsànyà wá pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó ní ilé-iṣẹ́ ti pa nǹkan tó ń rí èèyàn yẹn. Ọkọ̀ dúró gbáà lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹ̀ fi ẹnu gbá ìjókòó, eyín ẹ̀ yọ. Wọ́n ní àwọn ọlọ́jà Ìkirè ti sọ ọ́ di ìṣeré ọmọdé.

"Ta ni wọ́n sọ fún pé àwọn ti pa á?" mo bi í.

"Wọ́n sọ fún àwa awakọ̀."

"Ní Ìkirè ńbí, ta lẹ sọ fún?"

Ó ní òun fọn fèrè.

"Ẹ mọ̀ pé kì í sá."

"Mo mọ̀. Mo tẹ bíréèkì. Ó ti pẹ́ tí mo ti tẹ̀ ẹ́ fúnra mi gbẹ̀yìn, àbúrò. Ọkọ̀ ló máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi pẹ́ kó tó débẹ̀."

Mo fẹ́ gbá a. Mi ò gbá a. Ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sétí títì, mo sọ fún gbogbo àwọn tó ń tà pé bọ́ọ̀sì funfun kì í dúró mọ́, kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wà lórí koríko. Bọ́ọ̀sì funfun ń kọjá, kò sí èyí tó dúró.

"Gbogbo wọn ni wọ́n pa á lára wọn?" Maimunah bi mí.

"Mi ò mọ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn rí."

"Ó lè ṣẹ́ ku èyí tó ṣì ń dúró."

"Ìyá Mubashir, ẹ jọ̀ọ́."

"Dòdò mi ti ń le, Dùnsìn. Mubashir ò tíì jẹun."

Òmíràn yọ lókè. Mo rí i tó ń gbé àtẹ. Mo di ìró rẹ̀ mú. Ó bú mi, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi kọjá, atẹ́gùn ẹ̀ fẹ́ lù wá, kò tiẹ̀ dín eré kù.

Ṣùgbọ́n lọ́la, Apòmù ni mo máa wà, nídìí iṣẹ́ táyà mi.