Ilé Ìdáná Tí Omi Gbà Kọjá

Ọ̀yọ́ ni èmi àti ọkọ mi ti kó wá sí Ìkòròdú. A gba yàrá kan ní àdúgbò tó dà gẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀sà. Ọdún kejì tí a débẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́nà tí àwọn àgbà ibẹ̀ pàápàá ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi wọlé bá wa láàárín oṣù kan. Tí a bá gbọ́n ọn tán, tí a sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, òjò mìíràn á tún ti ṣú.

Nígbà tó yá, àwọn ará àdúgbò pinnu pé ká gbẹ́ gọ́tà fúnra wa. Ṣùgbọ́n àgbàlá ìyá onílé wa, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni omi ní láti gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ọkọ wọn sí. Bíríkìlà tó ń darí iṣẹ́ náà wọn ilẹ̀ títí. Ó ní bí gọ́tà kò bá gba orí sàréè, àfi kó gba ilé ìdáná.

Èmi ni wọ́n rán sí màmá. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí bíríkìlà wí. Màmá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n wá wo ìhà sàréè náà.

"Ẹ wó ilé ìdáná," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí bàbá yín sinmi."

Sátidé mẹ́fà la fi gbẹ́ gọ́tà náà, tọkùnrin tobìnrin. Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni màmá ti ń dáná. Nígbà tí òjò ńlá dé, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń wo omi bó ṣe ń sáré lọ sí ọ̀sà. Ó ti rẹ̀ wá.

Ohun tí a kò rò ni pé iyanrìn àti ọ̀rá yóò máa dí gọ́tà náà, a ó sì máa kó o jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ogún èèyàn ló ń jáde lákọ̀ọ́kọ́. Ó di mẹ́wàá, ó di mẹ́rin. Àwọn tó wà lókè, tí omi kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, ní kò kan àwọn. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́, kì í sí nílé ní Sátidé.

Sátidé kan, ẹ̀yìn ń ro mí, mo ní mi ò lọ. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo gbọ́ tí ṣọ́bìrì ń ha gọ́tà. Mo yọjú lójú fèrèsé. Màmá nìkan ni, wọ́n ká ìró sókè, omi dé orúnkún wọn. Mo jáde, mo gba ṣọ́bìrì náà. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, wọ́n ń mí hẹlẹ.

"Ó ń rẹ èmi náà," ni wọ́n sọ.

A tún lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí a tó kó lọ sí Àgbọwá. Omi ò wọ yàrá wa mọ́, àmọ́ kò sí òjò tó rọ̀ tí mo sùn dáadáa. Sátidé tó kẹ́yìn, èmi àti bíríkìlà yẹn nìkan la jáde. Ó bi mí pé ta ni yóò máa bá òun kó iyanrìn tí mo bá lọ. Mo tún ki ṣọ́bìrì bọ inú gọ́tà.