Ọjọ́ Tí Mo Tún Kẹ̀yìn sí Ìgbòkun

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìyàwó mi ti ń pè mí ní òpùrọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì l'Ékòó, olùkọ́ wa kan tó ti òkè òkun wá ní pákó gígùn kan tí wọ́n ri òpó mọ́, ìgbòkun sì wà lára òpó náà. Èèyàn á dúró lórí pákó lójú ọ̀sà, á fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ara ìgbòkun mú, atẹ́gùn á sì máa gbé e lọ. Kí ọdún tó yí po, mo ti lè kẹ̀yìn sí ìgbòkun kí n máa lọ lójú omi bí ẹni tó fara ti ògiri ilé bàbá rẹ̀. Mo lè jókòó lórí pákó náà tó ń sáré. Mo lè fi ẹsẹ̀ gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n sì dúró lórí etí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ yẹ́lò a máa wà ní bèbè omi, a máa pàtẹ́wọ́.

N kò ní fọ́tò kankan. Tí mo bá ti ń dé ibi aláṣọ yẹ́lò, ìyàwó mi á ní, "Baba wọn, ẹ jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè dúró lórí àpótí pààrọ̀ gílóòbù!"

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan ló wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré yìí gan-an létí òkun l'Ékòó báyìí. Nígbà tó wá bá wa ṣọdún Iléyá ní Ẹdẹ, ó fi ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe hàn mí nínú fóònù. Wọn kì í jókòó, wọn kì í kẹ̀yìn. Fífò ni wọ́n ń fò! Wọ́n á yí lẹ́ẹ̀mejì lófuurufú, wọ́n á balẹ̀ padà sórí omi, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

"Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?" mo bi í.

"Pákó ló kúrú, Bàbá àgbà, ó sì fúyẹ́. Ẹnì kan kọ́kọ́ fò díẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹlòmíì ní òun á fò, òun á sì yí. Ẹlòmíì ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun á yí. Tiyín la máa ń pè ní ti ayé àtijọ́."

"Tiwọn bí i ti báwo?" ìyàwó mi dá sí i, ó kọjú sí ọmọ náà. "Ọkọ mi, wọ́n ń tàn ẹ́ ni."

"Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí atẹ́gùn wà, Màmá. Màá gbé pákó wá sí dáàmù Ẹdẹ níbí."

"Ó dáa. Tí Bàbá àgbà rẹ ò bá lè ṣe é, mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn yẹn nínú ilé yìí mọ́."

Mo gbà, ṣùgbọ́n kò wù mí kí n pàdánù ìtàn náà. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún mi látinú ìgbà èwe, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ọyẹ́ dé, ọmọ náà gbé pákó méjì wá: kékeré tirẹ̀, àti ńlá tó fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi jókòó sórí ọkọ̀ apẹja kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé ẹ̀pà lé itan. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ bọ́ sómi pẹ̀lú kékeré. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn Ẹdẹ kì í ṣe ti òkun. Pákó rì dé orúnkún rẹ̀. Ó ní kóun fò, ó ṣubú yakata.

"Àǹtí, ṣé ẹja lẹ̀ ń wá ni?" apẹja kan kígbe.

Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà, atẹ́gùn yìí ò gbé mi. Ti ayé àtijọ́ ló mọ̀."

Mo wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo gun ńlá. Mo ṣubú.

"Ẹ̀ẹ̀kan!" ìyàwó mi kà á tẹ̀pàtẹ̀pà lẹ́nu. Mo tún ṣubú. "Ẹ̀ẹ̀mejì!"

Mo ń tẹ̀ síwájú jù ni, mo dì mọ́ ọ̀pá bí arúgbó. Ìgbà náà ni mo rántí bàbá mi, tó máa ń kọ ẹyìn lọ́nà ìlú Ara. Ó ta igbà yí èmi àti ọ̀pẹ ká nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó ní, "Má dì mọ́ ọ̀pẹ. Ẹni tó bá dì mọ́ ọn ló ń já bọ́. Fi ẹ̀yìn lé igbà lọ́wọ́." Ohun tó jẹ́ kí n tètè mọ eré náà ju ẹgbẹ́ mi lọ lójú ọ̀sà nìyẹn. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Mo gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Mo na apá, mo fẹ̀yìn sílẹ̀ fún ìgbòkun bí mo ṣe máa ń fi í sílẹ̀ fún igbà. Pákó gbéra. Mo yí ẹsẹ̀ kan, mo yí ìkejì, díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀pá fi kàn mí lẹ́yìn. Mo kẹ̀yìn sí ìgbòkun, mo kọjú sí ayé.

"Baba o! Baba o!" àwọn apẹja ń pariwo. Ọmọ ọmọ mi ń fò lórí ilẹ̀ ju bó ṣe fò lórí omi lọ.

Nígbà tí mo gúnlẹ̀, ẹ̀pà ìyàwó mi ti dà sílẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu orí mi. Ó ń wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ agboolé bàbá rẹ̀.

"Òótọ́ mà ni," ó ní.

"Òótọ́ ni, Ìyá wọn."

Ó nàró. "Ó dáa. Ta wá ni aláṣọ yẹ́lò?"

Láti ogójì ọdún, kò bi mí rí, nítorí kò sẹ́ni tó ń jowú èèyàn inú irọ́. Ọmọ ọmọ mi ti yí lulẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú omi. Atẹ́gùn ṣì wà níbẹ̀. Mo ti pákó mi padà sínú dáàmù.